Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń fà ń ki imú bọ omi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Rọ́bà ẹlẹ́ni-méjì tí àwọn ọmọ ń gùn ṣeré lórí omi ni, okùn rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí báyìí, imú rọ́bà náà á ki bọ omi. Afẹ́fẹ́ ni mo fura sí: nínú oòrùn, ó máa ń le gbagidi, àmọ́ tó bá kan omi tútù, afẹ́fẹ́ á sún kì, aṣọ ìbòrí rẹ̀ á hunjọ níwájú, níbi tí a so okùn mọ́. Mo fi omi ọṣẹ pa ojú fáàfù (ẹnu tí a ń gbà fẹ́ ẹ) àti ojú ìlẹ̀pọ̀, kò hó rárá, ìyẹn ni pé kò jò. Ṣé kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lórí omi? Tí oòrùn bá tún pa á ńkọ́, ṣé kò ní bẹ́? Àbí kí àwọn tó gùn ún sún sẹ́yìn? Ẹ má ní kí n fi kún eré o, ọmọdé ni wọ́n. Máìlì 15 ní wákàtí kan ti tó.