Ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì wo ni mo lè fi ṣàlàyé Statue of Liberty?

ÌyáÌbejì_Brooklyn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń lọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tíṣà wa wá ní kí kálukú wá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nípa Statue of Liberty, ère obìnrin gàgàrà tó wà ní New York níbí, bó ṣe rí látòkè délẹ̀. Mo ti débẹ̀ rí o, èmi àtàwọn ọmọ, tó bá jẹ́ Yorùbá ni màá sọ ọ́ tílẹ̀ á fi ṣú, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni ò wá sẹ́nu. Lánàá mo ní "she is carrying fire", ọmọ mi ní rárá mọ́mì, torch ni. Torch báwo? Ṣé tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì? Ìwé tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀ ńkọ́, ó ní tablet ni, èmi ò sì mọ tablet míì ju ti oògùn ibà lọ. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, mi ò fẹ́ dúró síwájú wọn kí n máa wolẹ̀.

Tíṣà_Abẹ́òkúta:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtiraka. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Kí bátìrì tó dé, ṣebí ògùṣọ̀ làwọn bàbá wa ń tàn rìn lóru, ògùṣọ̀ yẹn gan-an ni torch. Tọ́ọ̀ṣì tiwa, flashlight ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Tablet náà, ẹni tó bá ti lọ ilé kéwú rí mọ̀ ọ́n, wàláà ni. Ohun tí wọ́n kọ sí ti ère yẹn ni JULY IV MDCCLXXVI, ìyẹn July 4, 1776, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira. Àti pé statue ni ère o, statute ni òfin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àbúrò_NewJersey:
Mọ́mì, ẹ má to ọ̀rọ̀ jọ kẹ́ ẹ wá máa há a sórí, ẹ jẹ́ kójú yín ṣe bó ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ibi gíga tí ère dúró lé, pedestal. Níbi ẹsẹ̀ ẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti já, broken shackles, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i torí aṣọ bò ó, ẹ rí i pé ẹ dárúkọ ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òmìnira yẹn wà, ó máa ń ká mi lára tí wọ́n bá fò ó. Aṣọ yẹn, robe. Lẹ́yìn náà tablet, torch, kẹ́ ẹ tó dé orí adé, crown, tó ní rays méje, ìyẹn ìtànṣán bíi ti oòrùn.

Ẹ tún wo "ga". Àwa ń lò ó fún gbogbo nǹkan, àmọ́ ère fúnra ẹ̀ ni tall, 151 feet, torch yẹn ló wà high above the water, torí tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ pẹ̀lú pedestal ó di 305 feet. Kẹ́ ẹ sì sọ pé she stands in New York Harbor (harbor ni èbúté), ẹ má ní she is standing bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá máa gba ìwé ọmọ ìlú lọ́jọ́ kan, ibi tí ère yẹn wà wà lára ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn.

Plọ́ḿbà_Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé wọ́n kùn ún ní green paint o. Bàbà ni, copper, èmi tí mò ń fi páìpù bàbà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i lójú ayé lóṣù October 1886 ó pupa rúsúrúsú bíi penny tuntun, afẹ́fẹ́ àti òjò ló sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Patina ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe rust, rust ni ìpẹtà, ti irin nìyẹn, ó ń jẹ irin ni, patina ní tiẹ̀ ń dáàbò bo bàbà. Bàbà yẹn ò sì nípọn rárá, bíi penny méjì tẹ́ ẹ lẹ̀ pọ̀, irin tí Eiffel, ẹnjiníà ará Faransé, ṣètò sínú ẹ̀ ló gbé e dúró, framework nìyẹn. Bartholdi tó ya ère náà ni sculptor.

ÌyáÌbejì_Brooklyn:
Ha, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á ran gbogbo yín lọ́wọ́. Ògùṣọ̀! Wàláà! Mo mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ kẹ̀. Ẹ bá mi wo èyí: "She stands on a tall pedestal in New York Harbor. There are broken shackles at his feet. She holds a torch in his right hand and a tablet in his left hand. The copper is green because of patina."

Tíṣà_Abẹ́òkúta:
Ó dáa púpọ̀, Mọ́mì. Ohun kan ló kù. "Rẹ̀" tiwa kì í yan ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin, tiwọn ń yàn án. Tẹ́ ẹ bá ti fi she bẹ̀rẹ̀, her lẹ máa lò dé òpin: her feet, her right hand, her left hand. Ẹ kà á sókè fún ọmọ yín lálẹ́ òní.