"Fífọ̀" àbí "nínù"? Lórí orúkọ àti ìtọ́jú ọ̀pá ìjókòó kẹ̀kẹ́ orí òkè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí ìtọ́jú dropper seatpost nínú ilé, ìyẹn ọ̀pá tó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ orí òkè dúró, tí a lè mú wọlẹ̀ tàbí gbé sókè láìsọ̀, níbi tí wọ́n ti pe nǹkan náà ní "òpó ìjókòó ajábọ́", tí wọ́n sì ní kí á "fọ òpó náà, kí á tú u palẹ̀, kí á fi gíríìsì sí i". Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gun irú kẹ̀kẹ́ yìí nínú ẹrẹ̀ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé mélòó kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè ba ọ̀pá náà jẹ́ mọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ń pọ́n òkè fẹ́ kí ìjókòó ga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà dáadáa lórí pẹ́dàlì. Bó bá wá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, ó fẹ́ kí ìjókòó náà yàgò fún òun. Láyé àtijọ́, àfi kó sọ̀, kó tú ìdè, kó fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀. Ní 1984, Joe Breeze àti Josh Angell ní Kalifóníà gbé Hite-Rite jáde, ìyẹn sípíríǹgì tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tú ìdè lè fi ìdí tẹ ìjókòó wọlẹ̀ láìsọ̀, sípíríǹgì a sì gbé e padà sókè. Ti òde òní, ọ̀pá dídán kan ló ń yọ̀ wọnú ọ̀pá mìíràn: a ó fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ kékeré kan, a ó jókòó lé e, á wọlé, bí a bá dìde tí a tún tẹ ọwọ́ náà, agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ á tì í jáde.

Ǹjẹ́ èyí já bọ́ bí? Ohun tó bá já bọ́ lédè wa ti kúrò lára ohun tó gbé e dúró, mo sì rò pé kò sẹ́ni tí yóò fowó ra ìjókòó bẹ́ẹ̀. "Asọ̀kalẹ̀" tí ẹlòmíràn dábàá sàn díẹ̀, àmọ́ ìdajì ìrìn rẹ̀ ló sọ. "Òpó" pàápàá kò bá a mu, nítorí ojú kan ni òpó ń dúró sí. Bí òpó ilé bá ń wọlẹ̀, ilé ń wó nìyẹn. Ọ̀pá la lè tì bọnú nǹkan kí á tún fà á yọ. "Ọ̀pá ìjókòó awọléjáde" ni èmi yóò pè é. Àwọn tó fẹ́ "gàárì" dípò "ìjókòó" kò ṣẹ̀ mí, a kúkú ń gun kẹ̀kẹ́ bí a ti ń gun ẹṣin.

"Fọ̀" gan-an ló mú mi kọ̀wé. A ń fọ aṣọ, a ń fọ abọ́, a ń fọ ọkọ̀, omi ló sì wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí a bá ní kó fọ ọ̀pá yìí á gbé ẹ̀rọ tí ń tu omi pẹ̀lú agbára, á dojú rẹ̀ kọ ọrùn ọ̀pá, níbi tí ọ̀pá dídán ti ń wọnú èkejì, omi á sì gbé yanrìn kọjá rọ́bà tó wà lẹ́nu ibẹ̀. Yanrìn náà ni yóò máa ha ọ̀pá dídán náà, tí yóò sì máa jẹ àwọn ẹyọ idẹ tíńtìntín tí kò jẹ́ kí ìjókòó yí sọ́tùn-ún sósì, títí ìjókòó yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ohun tó yẹ ọ̀pá yìí ni kí á nù ún: lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí á gbé e sókè tán, kí á fi aṣọ tó mọ́ nu ibi dídán náà àti etí rọ́bà.

Bákan náà ni "tú palẹ̀". Ọrùn rẹ̀ nìkan ni a ń ṣí nínú ilé: a ó yí i, a ó gbé e sókè, a ó nu gíríìsì àtijọ́ kúrò, a ó fi tuntun pa á fẹ́ẹ́rẹ́, a ó dá a padà. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe ibi tí a ń tú bí kò bá sí irinṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè ta lójú ẹni. Nítorí náà "ṣí ọrùn" ló yẹ kí ìwé náà wí.

Àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe mọ irú rọ́bà yìí lẹ́nu ṣọ́ọ̀kì iwájú, "ọ́ìlì síìlì" ni wọ́n ń pè é. Tiwa yìí kò dá ọ́ìlì dúró, ìdọ̀tí ló ń lé, ni mo ṣe fara mọ́ "rọ́bà ẹnu". Ní ti gíríìsì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ gíríìsì. Ọwọ́ kékeré tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ nìkan ni n kò tíì rí orúkọ gidi fún. "Bọ́tìnì" kò tọ́, nítorí wáyà ló ń fà bíi ti ọwọ́ bíréèkì. Mo ń pè é ní "ọwọ́ ìjókòó" ná, bóyá ẹ̀gbọ́n wa ní èyí tó dára jù ú lọ.