Ṣé Sienna wa lè fa ilé onítáyà yìí dé Erin-Ìjẹ̀ṣà?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Jámánì fi caravan kan ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì o. Ilé kékeré onítáyà méjì ni, bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń so ó mọ́. Irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀ sọ pé òfìfo rẹ̀ jẹ́ 1,050 kílò, pé kò sì gbọdọ̀ kọjá 1,300 bí ẹrù bá wọ̀ ọ́.

Sienna 2008 la ní, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Àwa méje la máa lọ: èmi, bàbá wọn, ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ mi. Ìsun omi Erin-Ìjẹ̀ṣà là ń lọ nígbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé. Wẹ́dà àdúgbò ní òun á jó ìkọ́ mọ́ bọ́ńpà wa. Ọkọ mi ní ká ta Sienna ká ra jíípù, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló máa fi kún un. Ṣé Sienna ò lè fà á ni? Ẹsẹ̀ sì ń dun Màmá, ṣé wọ́n lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ bí a bá ń lọ?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ládípọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà yẹn fọwọ́ kan mọ́tò yín. Rọ́bà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bọ́ńpà, kò lè di irú ẹrù yẹn mú. Egungun abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ń fi bóòtì de ìkọ́ gidi mọ́.

Toyota ní Sienna yín lè fa 3,500 pọ́ùn, ìyẹn bíi 1,587 kílò, bó bá ní ohun èlò ìfà. Lórí ìwé, ó gbà á. Àmọ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo sítíkà tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù inú mọ́tò kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀yin méje, báàgì yín, àti ìwọ̀n iwájú ilé yẹn tó máa tẹ ìdí mọ́tò, inú iye kan náà ni gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ ni àyè máa ti tán.

Jíà ló ń kó mi láyà sókè jù. Bí ẹ bá kó sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí ẹ tó jáde ní Èkó, atẹ́gùn kì í wọlé, ọ́ìlì jíà á máa hó. Lẹ́yìn náà lẹ tún máa gun òkè Iléṣà. Mo ti tú jíà tí ọ́ìlì rẹ̀ dúdú bíi kọfí, tó ń rùn bí ohun tó jóná. Ó nílò radiator kékeré tirẹ̀.

Bàbá Ṣadé, Ìkẹjà

Èmi fara mọ́ ohun tí bàbá wọn sọ. Highlander V6 láti 2008 sí 2013 lè fa 5,000 pọ́ùn bí ohun èlò ìfà bá bá a wá, àga méje sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ra oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin o.

Àbúrò Festac

Mo fa irú ilé yìí fọ́dún méje nígbà tí mo wà ní Jámánì. Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, àní fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, bó bá sì dojú dé, ògiri rẹ̀ kò nípọn.

Bọ́ọ̀lù ìkọ́ ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà káàkiri jẹ́ 50.8. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹnu ìkọ́ yín lè jọ pé ó ti dè kó má dè, títí ẹ ó fi kan gálọ́ọ̀pù. 50 gan-an ni kí ẹ rà. Ẹ wo ẹnu ìkọ́ náà dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà S àti nọ́mbà kan: iye kílò tó gbọdọ̀ tẹ ìdí mọ́tò mọ níyẹn. Ẹnu wáyà iná Jámánì náà yàtọ̀, kí rewire tún un dè.

Ẹ má kó jẹnẹrétọ̀ àti omi sí ìdí ilé náà. Orí táyà gan-an ni kí ẹrù wúwo wà. Bí ìdí bá wúwo, tí táńkà kan bá ré yín kọjá ní Mọ́wé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Bó bá ju ìrù, ẹ má tẹ búrẹ́èkì gìrì. Ẹ kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lára táyà, ẹ wo nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì jáde báyìí: 1211. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. 2011! Táyà náà sì ń dán bíi tuntun, ọlọ́run ló yọ wá.

Àbúrò mi ní òun á fi Corolla òun gbé Màmá àti àwọn ìbejì. Àwa mẹ́rin péré ló máa kù nínú Sienna. Ọ̀gá, ṣé ó lè wá ṣeé ṣe?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ládípọ̀

Ẹ̀yin mẹ́rin, táyà tuntun, radiator jíà, ìkọ́ gidi, kí ẹ má sì kọjá 80 kílómítà ní wákàtí kan: mo lè ṣe é. Àmọ́ bí a bá ti kó ẹrù sínú ilé náà tán, a ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ńlá. Ẹ ya fọ́tò sítíkà ilẹ̀kùn yẹn fún mi lálẹ́ yìí.