Ọmọ mi ń ṣírò owó jù mí lọ, àmọ́ ìwé kíkọ ń pa á lẹ́kún

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 9 lóṣù tó kọjá, Ìbàdàn la wà. Tí oníbàárà bá ra nǹkan mẹ́fà, méje ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó mú fóònù láti ṣírò, ó ti sọ iye owó àti ṣéńjì. Fáànù wa dákẹ́, òun ló tú u palẹ̀ tó sì tún un tò.

Àmọ́ ẹ fún un ní bírò! Ìwé ẹ̀ á dà bí ibi tí adìyẹ tan. "b" á di "d". Tó bá ń kàwé, ṣe ló ń ṣa ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní olódo. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ni inú ń run ún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ojú ewé 3 tó fà ya lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mọ́mì, orí mi ò pé." Bàbá ẹ̀ ní pàṣán ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àgbà: Ọmọ tó lè tú fáànù tó wá ń sá fún ìwé, ó ń fi yín ṣeré ni. Ẹgba ló la àwa lójú.

Tíṣà Àná: Ẹ kú àgbà, bàbá, àmọ́ mi ò bá yín lọ níbẹ̀ yẹn. Mo ti na irú ọmọ yìí rí, ó ń dùn mí títí dòní. Ọmọ ọdún 6 tó ń kọ b ní d, kò tíì ṣe nǹkan kan. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 9, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún dyslexia. Kì í ṣe àìlóye: ọpọlọ ló ń tiraka láti so lẹ́tà mọ́ ìró ẹ̀. Irú ọmọ tó já fáfá báyìí, á há ìwé sórí, á wo àwòrán fi méfò, kò ní hàn títí ìwé á fi le. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí ẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè ní ẹ̀ka Special Education ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ bá tíṣà ẹ̀ náà sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ o, kó má dìjà.

Ìyá Peckham: Tèmi náà nìyẹn, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Nígbà tó fẹ́ ṣe GCSE, ìyẹn ìdánwò àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbí, wọ́n fún un ní àfikún àkókò 25%, ìdánwò wákàtí 1 di ìṣẹ́jú 75. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ọmọ yẹn ti gbà pé òpè lòun. Inú tó ń run tiyín yẹn, ẹ má pè é nírọ́ o, ẹ̀rù máa ń run ọmọ nínú. Ẹ sọ fún un lójúkojú pé orí ẹ̀ pé. Kó máa fẹnu sọ ọ́, kẹ́ ẹ máa bá a kọ ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka èsì yín fún bàbá ẹ̀ lálẹ́ àná. Kò fọhùn, àmọ́ mi ò rí pàṣán lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́ láàárọ̀. Lónìí mo ní kí ọmọ sọ bí fáànù ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n máa kọ ọ́. Ojú ewé 2 gbáko! Nígbà tó dé ibi capacitor, bírò mi ò bá ẹnu ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má kánjú, mo máa dúró dè yín."