Káàdì àwòrán (GPU) wo ni kí n fi rọ́pò GTX 660M nínú Alienware M17x R4?

ọmọ_ìgbógbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi fi Alienware M17x R4 sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ọdún 2012 ni irú rẹ̀ jáde, GTX 660M ló wà nínú rẹ̀. Mo ti fi SSD sí i, RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣe, àfi tó bá di ọ̀rọ̀ gémù. GTA V á kọ́kọ́ máa lọ dáadáa, tó bá ṣe díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹnì kan ní Computer Village ní òun ní GTX 680M. Ẹlòmíì ní kí n ra RTX 3060 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, pé òun á fi wáyà so ó mọ́ ọn. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Owó láptọ́ọ̀pù tuntun ò sí o.

bayo_agric:
Ọ̀rẹ́, gbàgbé ẹ̀. Káàdì láptọ́ọ̀pù kì í ṣe é pààrọ̀, wọ́n ti sọ́dà ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Tà á, kó o fi owó lé e.

Àǹtí Sábó:
Bayo, òótọ́ lo sọ nípa ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, àmọ́ M17x R4 ò sí lára wọn. Káàdì tirẹ̀ dá dúró, MXM là ń pè é. Bó o bá ṣí ìdí rẹ̀ tó o yọ heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára káàdì), wàá rí bọ́ọ̀dù kékeré kan tí nọ́ọ̀tì dì mú. Tú nọ́ọ̀tì yẹn, etí rẹ̀ kan á gbéra sókè fúnra rẹ̀, wàá wá fà á jáde ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń fa RAM. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: A, tó jẹ́ 82 sí 70 mìlímítà, àti B, tó jẹ́ 82 sí 105. Àyè B ló wà nínú tìẹ.

Ẹni tó ní RTX 3060 yẹn, sá fún un. Kò síbi tó máa wọ̀. Lóòótọ́, àwọn kan máa ń gbé káàdì dẹ́sítọ́ọ̀pù síta kí wọ́n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n power supply tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, agbára rẹ̀ ò sì ní jáde tán. Nínú Ìkòròdú wa yìí, ṣé iná tá à ń bẹ̀ kó gbé ẹyọ kan ló máa gbé méjì?

Kí n tó dárúkọ káàdì kankan, nǹkan kan ò yé mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Káàdì tí agbára rẹ̀ kéré, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń fà. Èyí tó kọ́kọ́ lọ dáadáa kó tó fà, ooru ni tàbí iná. Yí ṣájà rẹ sẹ́yìn: W mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ṣé iná lo fi ń gbá gémù ni àbí bátìrì?

ọmọ_ìgbógbò:
Ẹ ṣé mà. 130W ni. Iná wá lójijì lọ́jọ́ kan, ó jó èyí tó bá a wá, mo wá ra eléyìí. Tí mo bá tan án, ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nípa ṣájà, mo kàn máa ń tẹ bọ́tìnì kọjá ni. Tí NEPA bá sì ti mú iná, orí bátìrì ni mo máa ń parí ẹ̀ sí.

Àǹtí Sábó:
Ó tán! Dell ló ni Alienware, láptọ́ọ̀pù wọn sì máa ń bi ṣájà ní W rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ṣájà yẹn ni wọ́n fi ń béèrè. Bí ìdáhùn bá kéré, tàbí tí ṣájà ò dáhùn rárá, láptọ́ọ̀pù á dín agbára CPU kù. Ọ̀rọ̀ tó ò ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ nìyẹn. Wá ṣájà 240W, kó o wò ó pé abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ò tẹ̀. Ti bátìrì ńkọ́? Bátìrì ò lè gbé káàdì gémù bó ṣe yẹ, kò sì sí káàdì tó o máa rà tó lè yí ìyẹn padà.

Lẹ́yìn náà, ṣí ìdí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ á ti dì sáàárín fáànù àti heatsink. Gbọ̀n ọ́n dànù, kó o pààrọ̀ thermal paste, ìpara tó ń gbé ooru láti ara chip lọ sí heatsink.

Tó bá wá ṣẹ́ kù díẹ̀ káàtó, ká sọ ti káàdì. 680M, Dell fúnra wọn fi sínú M17x R4, kò ní bá ọ jà. Èmi ò ní rà á ṣá. Ìran Kepler ni bíi tìẹ, láti 2019 ni NVIDIA tó ṣe é ti dá driver gémù tuntun (ètò tí Windows fi ń lo káàdì) dúró fún Kepler orí láptọ́ọ̀pù. Gémù tó bá béèrè DirectX 12 (ètò tí gémù fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ní feature level, ìyẹn ìpele ohun tí káàdì lè ṣe, 12_0 ò ní ṣí lórí rẹ̀, torí 11_0 ló mọ. Agbára rẹ̀ ju tìẹ lọ dáadáa o, core (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò) 1344 sí 384. Tó bá jẹ́ gémù àtijọ́ nìkan lo fẹ́, tí wọ́n sì tà á ní ọ̀pọ̀, mi ò ní bá ọ jiyàn.

970M ni tèmi. Maxwell ni, ìran tó tẹ̀ lé Kepler, 2014 ló jáde, ó mọ 12_1, kì í sì jẹ iná tó 680M. Driver gémù tirẹ̀ náà parí ní Oṣù Kẹwàá 2025, àtúnṣe ààbò ló kù títí di 2028. Wàhálà rẹ̀ ni pé Dell ò fi sínú R4 rí, driver á ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà yẹn, àfi kí ẹnì kan tún fáìlì INF rẹ̀ (ibi tí wọ́n to àwọn káàdì tí driver mọ̀ sí) ṣe. Heatsink 660M ò ní bò ó. Ti 680M ni kó o wá, kó o sì wo bí thermal pad (rọ́bà rírọ̀ tó wà láàárín chip àti heatsink) ṣe nípọn sí.

bayo_agric:
Àǹtí, mo gbà fún yín. HP Pavilion tèmi ńkọ́? GTX 1650 ni.

Àǹtí Sábó:
Tìẹ ni wọ́n sọ́dà mọ́ bọ́ọ̀dù. Má fún ẹnikẹ́ni lówó.

ọmọ_ìgbógbò:
Mo yá ṣájà 240W lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Ẹbúté. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde mọ́! Káàdì ń gbóná dé 91°C tẹ́lẹ̀, mo nu eruku, ó wálẹ̀ sí 78. GTA V ti ń lọ geere. Gémù tuntun ni kò gbà, torí náà mo ṣì fẹ́ 970M. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Àǹtí Sábó:
Gbé káàdì náà síwájú iná, wo etí chip tó wà láàárín. Tí flux (oje tí wọ́n fi ń sọ́dà) bá gbẹ síbẹ̀, tó pọ́n, tó ń dán bí oje igi, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jí i dìde nìyẹn. Á ṣiṣẹ́ níwájú ẹni tó ń tà á, á kú sílé rẹ. Gbé láptọ́ọ̀pù àti ṣájà dání, kí wọ́n fi káàdì sí i lójú rẹ. Ṣí GPU-Z, ètò tó ń fi irú káàdì hàn: bus width 970M jẹ́ 192-bit, 3GB tàbí 6GB. Kó o wá fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, dán an wò fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Tí ilà bá hàn lójú ẹ̀, tàbí tí ẹni tó ń tà á ní ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù, wọ mọ́tò, máa bọ̀ nílé. Ti INF yẹn, gbé e wá sí Sábó lẹ́yìn aago mẹ́rin, mo máa bá ọ ṣe é.