Ṣé kí n gbájú mọ́ aṣọ ìyá ìkókó nìkan?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣe fírídọ̀mù, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kò sí ohun tí mi ò kì í rán: yunifọ́ọ̀mù, ṣòkòtò ọkùnrin, bùbá àti ìró, títí dórí kọ́tìnnì. Iṣẹ́ ò wọ́n mi, owó ni kì í dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n sí, mo ka gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti oṣù Kìíní. 121 ni. Aṣọ ìkómọ jẹ́ 23 nínú rẹ̀, ẹnì kan péré ló sì bá mi dúnàádúrà nínú àwọn ìyá ìkókó náà. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ẹni tó ti wọ tèmi rí ló júwe mi fún wọn. Ṣòkòtò ọkùnrin méjì ṣì ń bẹ lórí àgbékọ́ látoṣù Kejì, olówó wọn ò wá.

Ohun tó gbé mi dé ìdí aṣọ yìí ni ìkómọ ọmọ mi obìnrin. Ẹ̀yìn ni síìpù gáùn mi wà. Bí ọmọ bá ti ké, wọ́n á mú mi wọ yàrá lọ bọ́ aṣọ kí n tó lè fún un lọ́mú, àwọn àlejò á sì máa béèrè ìyá ọmọ níta. Láti ìgbà náà, síìpù méjì ni mò ń fi sí iwájú, mo máa ń fi ìṣẹ́po bò wọ́n kí ojú má rí i, mo sì máa ń fi aṣọ òwú múlọ́múlọ́ tẹ́ abẹ́ wọn kí eyín síìpù má baà ha ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo tún máa ń fi aṣọ íǹṣì méjì sílẹ̀ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí a lè tú u tí aṣọ bá fún.

Ṣé kí n yọ ìyókù kúrò lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, kí n kọ "aṣọ ìkómọ" nìkan síbẹ̀? Yunifọ́ọ̀mù oṣù Kẹsàn-án ló ń san owó iléèwé àwọn ọmọ mi, àyà mi ń já.

Bàbá Alágbádá:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Agbádá nìkan ni mò ń rán báyìí, ṣùgbọ́n mi ò lé ẹnikẹ́ni. Owó ṣòkòtò ni mo ń fi kún díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń wá a fúnra wọn bá ibòmíì lọ. Ó gbà mí tó ọdún méjì. Nísinsìnyí, tí wọ́n bá gbé yáàdì mẹ́wàá wá, mi ò ní láti ronú kí n tó gé e. Má fọwọ́ kan yunifọ́ọ̀mù lọ́dún yìí o.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù:
Àbúrò mi, èmi ò fara mọ́ orúkọ tó o fẹ́ fún un. Ìkómọ, ọjọ́ kan ni. Ọmú ńkọ́? Ọdún kan, ọdún kan ààbọ̀. Obìnrin yẹn á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ síbi ìgbéyàwó, á padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ á ṣì máa fà á láyà. Kọ "aṣọ ìyá ọlọ́mọ ọwọ́" sára pátákó. Má sì gbàgbé ìyá ìyàwó, òun náà lè sanwó aṣọ yẹn. Rán tirẹ̀ náà.

Lékan Télọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹjọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, kì í yẹ̀. Ẹlòmíì á gbé aṣọ wá lọ́jọ́ karùn-ún, iná ò ní sí. Látìgbà tí oyún bá ti pé oṣù mẹ́jọ ni kí ẹ ti gba aṣọ àti àsansílẹ̀. Ẹ gé e, ẹ rán ọrùn, apá àti síìpù rẹ̀ tán, ẹ má pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi bímọ.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Màámi Ìbejì, mo ti ní kí ẹni tó ń kun pátákó wá lọ́jọ́ Ẹtì, ohun tí ẹ sọ gẹ́lẹ́ ló máa kọ. Yunifọ́ọ̀mù á wà níbẹ̀ títí di Kẹsàn-án, Bàbá. Lékan, mẹ́ta ti wà lórí tábìlì, a ò tíì pa ẹ̀gbẹ́ wọn pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á bímọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run.