Bí a ṣe lè dín epo tí Micra onímánúà ń mu kù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, Micra tí mo fi ń ná Mọ́kọ́lá sí Challenge n'Íbàdàn kò mú èrè gidi wálé mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe pẹ́ lórí jíà kejì, bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti ń ga, ẹ bọ́ sí ìkẹta.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹ má sì yọ jíà sí fírì, ìyẹn kí ọkọ̀ má wà nínú jíà kankan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, nítorí pé bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, kọ̀ǹpútà rẹ̀ a dá epo dúró, ṣùgbọ́n ní fírì, ẹ́ńjìnnì ṣì ń mu epo kí ó má baà kú.

Ìdáhùn: Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí táyà bá tutù, nítorí pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo sí i.